Ìbáṣepọ̀ Ọ̀yọ́ àti Dàhòmì, àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ilẹ̀ Yorùbá láti 1726 sí 1894

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìbáṣepọ̀ tó wà láàrin Ọ̀yọ́ Ilé àti ìjọba Dàhòmì, láti ọdún 1726 tí ẹṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Dàhòmì, títí di ọdún 1894 tí àwọn Faransé mú ọba Behanzin. Kì í ṣe àwọn ìjọba méjèèjì yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ìlú tó wà láàrin wọn gan-an ni a fẹ́ tẹjú mọ́: Kétu, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì, àwọn ìlú Ẹ̀gbádò, àti Abẹ́òkúta tó dé lẹ́yìn.

A kò sọ pé àwa ni a kọ́kọ́ dá lé ọ̀rọ̀ yìí. Johnson sọ díẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìwé Akínjógbìn lórí Dàhòmì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, tó jáde ní 1967, àti ìwé Law lórí Ọ̀yọ́, tó jáde ní 1977, ti tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ohun tó ń dé etí àwọn ọmọ kíláàsì wa ní èdè Yorùbá kò ju ìtàn kan ṣoṣo lọ, èyíinì ni pé Dàhòmì kógun wá sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Àwa tí a ti ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ ibi tí èyí ń gbé wa lọ. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló fa ogun Dàhòmì, ìdáhùn tí ó pọ̀ jù ni pé ìkà ni àwọn ará Dàhòmì, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa kó ènìyàn lẹ́rú. A máa ń fún ìdáhùn yìí ní máàkì. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti fún un rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú kíláàsì ní Àgbádárìgì tàbí ní Ìpókíá, ọmọ Ègùn ń bẹ láàrin àwọn tí à ń kọ́, tí èdè ìyá rẹ̀ sún mọ́ èdè Fọ̀n ti Dàhòmì pẹ́kípẹ́kí. Kí ni ọmọ náà ń gbọ́ lẹ́nu wa?

Èrò wa ni pé ogun Dàhòmì kò ti inú ìwà ẹ̀yà kan wá. Àdéhùn kan wà láàrin ìlú ńlá méjì. Ní gbogbo ìgbà tí àdéhùn náà ń ṣiṣẹ́, gbogbo agbègbè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí ó já, tí kò sì sí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀, àwọn ìlú kéékèèké ló jìyà rẹ̀ jù. Nígbà tí a bá sọ pé ìfọ̀kànbalẹ̀, kì í ṣe pé ogun kò sí rárá ni a ní lọ́kàn. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé àgbẹ̀ lè lọ sóko kó sì padà wálé, oníṣòwò lè rìnnà, bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n mọ ààfin tí wọn yóò gbé ẹjọ́ lọ.

2. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin, ẹṣin kì í sì í gbé inú igbó dúdú. Eṣinṣin inú igbó a máa pa á, igi kì í sì í jẹ́ kó sáré. Nítorí náà, igbó ló dí Ọ̀yọ́ lọ́nà òkun ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ọ̀dàn kò dúró lókè. Ó sọ̀kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ọ̀nà yìí ni Ọ̀yọ́ ń gbà bá àwọn òyìnbó etí òkun ṣòwò. Ọ̀nà yìí kan náà ni ìjọba tuntun kan ń dìde sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, èyíinì ni Dàhòmì, tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Agbómẹ̀.

Ní ọdún 1724, Agaja ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Alada. Ní ọdún 1727, ó gba Ouidah, èbúté tí àwọn Potogí ń pè ní Ajudá. Láàrin ọdún mẹ́ta, ìlú tó wà nínú oko lọ́hùn-ún ti di onílé létí òkun. Àwọn ará Alada tó sá àsálà ké sí Ọ̀yọ́ pé kó gba àwọn. Aláàfin Òjígí ló wà lórí oyè nígbà náà. Ó dájú pé àánú Alada nìkan kọ́ ló mú kí Ọ̀yọ́ dìde; ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà òkun lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ọ̀yọ́ wọ Dàhòmì ní 1726, ó tún padà wá ní 1728, ní 1729 àti ní 1730. Bí ogun náà ṣe rí ní ọdọọdún ló ṣe pàtàkì fún ohun tí à ń wí. Dàhòmì ní ìbọn, Ọ̀yọ́ ní ẹṣin. Ní pápá gbalasa, ẹṣin borí ìbọn. Ṣùgbọ́n Agaja kò dúró de ẹṣin mọ́ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a kó wọ inú igbó. Ọ̀yọ́ a dé, a sun ilé, a ba oko jẹ́, a sì máa wá ẹni tí yóò bá jà. Nígbà tí òjò bá sún mọ́, ẹṣin kò ní oúnjẹ mọ́, àìsàn a sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti yíjú padà sílé. Ọ̀yọ́ lè ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Dàhòmì lè sá, ṣùgbọ́n kò lè gbin nǹkan kó rí i kórè. Kò sí èyí tó lè parí ogun náà nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó bí àdéhùn nìyẹn.

3. Àdéhùn náà àti bó ṣe ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1730, Agaja gbà láti máa sin Ọ̀yọ́. Ó di ilẹ̀ tó pọ̀ jù nínú èyí tó ti gbà mú, pẹ̀lú Ouidah. Ìtàn sọ pé wọ́n fi ọmọbìnrin so ìdílé ọba méjèèjì pọ̀, àti pé Tegbesu ọmọ Agaja gbé ní Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí ògo kí ó tó jọba. Àdéhùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Dàhòmì fà sẹ́yìn nínú sísan ìsìn, Ọ̀yọ́ tún kógun lọ ní 1739, ìjà sì ń lọ ó ń bọ̀ títí di ọdún 1748 tí wọ́n wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, ìsìn náà ń lọ lọ́dọọdún. Ìlú Kánà, tí kò jìnnà sí Agbómẹ̀, ni àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin ti máa ń gbà á. Ìbọn, owó ẹyọ, iyùn àti ènìyàn wà nínú rẹ̀, ìtàn ẹnu sì máa ń pe iye àwọn kan nínú nǹkan wọ̀nyí ní 41.

Ó yẹ kí a fi èyí wé bí Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe àwọn ìlú mìíràn. Ní Ẹ̀gbádò, Ọ̀yọ́ fi ènìyàn tirẹ̀ jókòó; Oníṣàrẹ́ ní Ìjànná ló ń mójú tó ọ̀nà òkun fún Aláàfin. Ní Dàhòmì, kò rí bẹ́ẹ̀. Dàhòmì yan ọba tirẹ̀, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó sì ń bá òyìnbó ṣòwò fúnra rẹ̀. Ohun tí kò ní ni àṣẹ láti jagun sí apá ibi tó bá wù ú. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Dàhòmì júbà, ó sì rí àyè gbé. Tegbesu tó jọba láti 1740 sí 1774, tó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti rí Ọ̀yọ́ rí, lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún rẹ̀ láti fi tún inú ìlú rẹ̀ ṣe.

Àpẹẹrẹ méjì tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́ta síra wọn yóò jẹ́ kí a rí bí àdéhùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1783, Dàhòmì dá nìkan kógun lọ sí Àgbádárìgì, apá rẹ̀ kò sì ká a. Ní ọdún kejì, 1784, ó tún lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀yọ́ ti fọwọ́ sí i, àwọn ìlú mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fọ́ Àgbádárìgì. Ní ọdún 1786, ojú Dàhòmì wọ Àjàṣẹ́, èbúté tí Ọ̀yọ́ ń lò jù nígbà náà. Ìkìlọ̀ nìkan ni Ọ̀yọ́ fi ránṣẹ́. Dalzel, tó kọ ìwé rẹ̀ ní 1793, ròyìn pé ńṣe ni ìránṣẹ́ náà fi Àjàṣẹ́ wé igbá oúnjẹ Ọ̀yọ́, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀. Dàhòmì gbọ́, ó sì jókòó. Kò sí ẹṣin kan tó kúrò ní Ọ̀yọ́, kò sí ilé kan tó jó ní Àjàṣẹ́.

4. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ta ni?

A kò gbọdọ̀ fi àpẹẹrẹ kejì bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan náà tó gba Àjàṣẹ́ là ló yọ̀ǹda kí a fọ́ Àgbádárìgì. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì kò ju pé ọ̀kan wúlò fún òwò Ọ̀yọ́, èkejì sì ń fà á sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi sọ níṣàájú pé ìfọ̀kànbalẹ̀ náà mọ níwọ̀n.

Ohun mìíràn tún wà tó wúwo ju èyí lọ. Kí ni wọ́n ń gbé gba ọ̀nà tí àdéhùn náà ń ṣọ́? Ẹrú ni. Ayé Abíọ́dún, láti 1774 sí 1789, tí àwọn Ọ̀yọ́ ń rántí gẹ́gẹ́ bí ìgbà ọ̀pọ̀, jẹ́ ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń ta ènìyàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Àjàṣẹ́. Bí Dàhòmì bá sì fẹ́ san ìsìn tirẹ̀, kò rí ibi tí yóò ti rí ìbọn àti iyùn ju kó ta ènìyàn fún òyìnbó ní Ouidah. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé Dàhòmì fẹ́ràn ẹrú, tí a kò sì sọ pé Ọ̀yọ́ ń gbà nínú èrè rẹ̀ lọ́dọọdún, ìdajì òótọ́ ni a sọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹrú àti ìbọn nìkan ló ń rin ọ̀nà náà. Ifá rìn ín, ó dé Agbómẹ̀, ó sì di Fá lẹ́nu àwọn Fọ̀n. Àwọn babaláwo ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bokonọ, ń dá a fún ọba wọn. Orúkọ tí àwọn ará Dàhòmì ń pe àwọn Yorùbá, Ànàgó, ni ó bá àwọn ẹrú sọdá òkun lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, tó di Nagô níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe òrìṣà ní Bàhíà títí di òní ṣì ń pe ìlànà kan nínú ẹ̀sìn wọn ní Kétu. Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò méjì yìí kò ṣeé fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n.

5. Bí okùn náà ṣe já

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Dàhòmì kọ́ ló fọ́ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1783, àwọn Bàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́; ní nǹkan bí ọdún 1790, àwọn Tápà tún ṣẹ́gun rẹ̀. Abíọ́dún kú ní 1789. Awólẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kó àwọn ìjòyè rẹ̀ níjàánu, Àfọ̀njá sì yapa ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà, ojú Ọ̀yọ́ kò kúrò nílé mọ́. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ìsìn Dàhòmì kò dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Adandozan, tó jọba láti 1797 sí 1818, kò lè já okùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó dì í mú lódì kejì ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1818, Gezo lé Adandozan kúrò lórí oyè. De Souza, oníṣòwò ẹrú ará Bùràsíìlì tó ń gbé Ouidah, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1823, Gezo kọ̀, kò sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ọ̀yọ́ gbìyànjú láti fi ogun mú un, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Clapperton gba Àgbádárìgì àti Ìjànná lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé láàrin ọdún 1825 sí 1826, ọ̀nà òkun ṣì ṣeé rìn. Láàrin ọdún mẹ́wàá sí i tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí Ọ̀yọ́ fi sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ìlú tuntun yìí nílò ọ̀nà òkun, kí ó lè rí ìbọn àti ẹ̀tù rà. Ọ̀nà tó sì yá jù ni èyí tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀nà tí Oníṣàrẹ́ ń ṣọ́ láyé àtijọ́. Gezo pẹ̀lú ń wo ilẹ̀ kan náà, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti rí ènìyàn kó. Ìlú méjì tí kò ní àdéhùn kankan láàrin ara wọn ń nawọ́ sí igbá kan. Àwọn Ẹ̀gbá náà kò jókòó tẹ̀tẹ̀. Wọ́n dó ti Adó, wọ́n sì ń jà láti gba ọ̀nà. Ní ọdún 1844, wọ́n ká Gezo mọ́ ní ìtòsí Adó, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì gba agboorùn ọba rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí agboorùn jẹ́ lójú ọba kò ní béèrè ìdí tí Gezo kò fi gbàgbé. Ní 1848, Dàhòmì pa Òkè-Ọ̀dàn run, ìlú tí àwọn tí ogun lé kiri ti kóra jọ sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1851, ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta. Apá wọn kò ká a. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1864, Glele ọmọ Gezo tún gbé ogun dé, wọ́n sì tún lé e.

Ìjà méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni pé láàrin 1748 àti 1823, kò sí ọmọ ogun Dàhòmì kankan tó lè dé ibi tí Abẹ́òkúta wà láìjẹ́ pé Ọ̀yọ́ gbọ́. Kì í ṣe pé ìwà Dàhòmì yí padà. Ẹni tó ń dá a lẹ́kun ni kò sí mọ́.

6. Àwọn ìlú tó wà láàrin

Ìtàn Ìṣàgà ló ń dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni a sì kì í kọ́ ọmọ. Ìlú kékeré ni Ìṣàgà, lójú ọ̀nà láti Dàhòmì sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun 1851 ń bọ̀, kí ni wọ́n lè ṣe? Bí wọ́n bá kọ ojú ìjà sí Dàhòmì, yóò run wọ́n kó tó dé Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá tẹ̀lé Dàhòmì, Abẹ́òkúta kò ní gbàgbé. Wọ́n túúbá fún Dàhòmì, wọ́n sì dá ọgbọ́n. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé ọ̀sán ni kó kọlu Abẹ́òkúta, àti pé apá ẹnubodè Arò ni kó gbà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá níkọ̀kọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi apá ibẹ̀ mọ. Ìmọ̀ràn náà ṣe Abẹ́òkúta láǹfààní púpọ̀. Dàhòmì mọ ẹni tó ta òun. Ó mú sùúrù fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1862, Glele dé, ó pa Ìṣàgà run, ó sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ.

Bí àdéhùn bá wà láàrin ìlú ńlá méjì, ìlú kékeré tó wà láàrin wọn lè jẹ́ ti ara rẹ̀, kí ó máa ṣe ọjà fún àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí, ìlú kékeré ní láti yan ọ̀kan, èyíkéyìí tó bá sì yàn, yóò san gbèsè rẹ̀.

Ti Kétu burú ju èyí lọ. Ìlú ọba aládé ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn sọ pé wọ́n ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Odi rẹ̀ le, Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè rẹ̀, sì lókìkí. Dàhòmì kọlù ú ní 1883. Ó padà wá ní 1886, ó dó tì í, ó fọ́ ọ, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Kétu wà ní ahoro títí ogun Faransé, tí ọ̀gágun Dodds jẹ́ olórí rẹ̀, fi ṣẹ́gun Behanzin láàrin 1892 sí 1894, tí àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn ìgbèkùn sì ń padà bọ̀ wálé.

7. Àdéhùn tí àwọn ẹlòmíràn ṣe

Kí àwọn ìgbèkùn Kétu tó padà, wọ́n ti pín ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà láti etí òkun lọ sókè. Àdéhùn ìlú méjì ni èyí náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì tó jẹ́ onílẹ̀. Kétu tó jẹ́ ahoro kò lè sọ̀rọ̀. Ó bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ tí ó ti inú Kétu jáde bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó tẹ̀lé e wà nínú ìwé Asíwájú lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, tó jáde ní 1976. Nígbà tí àwọn Faransé ń fi tipá kó ènìyàn sí iṣẹ́ àti sí ogun, pàápàá láti 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù lóru, wọ́n sọdá sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn lápá Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí kò sá. Wọ́n dìde sí Faransé. A lè sọ pé ààlà náà mú àlàáfíà wá láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Kétu, tí oko rẹ̀ wà lápá Ìmẹ̀kọ, ìbéèrè tí a bi nípa ayé Abíọ́dún ló tún padà wá: àlàáfíà ta ni?

Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún, 1960, Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Ní 1975, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àjọṣe ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Èkó. Ní ìparí ọdún náà, Dàhòmì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin. Ṣùgbọ́n ní oṣù Igbe, 1984, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Ẹrẹ́nà, 1986. Ní oṣù Ògún, 2019, wọ́n tún tì í nítorí fàyàwọ́, pàápàá fàyàwọ́ ìrẹsì, ó sì di oṣù Ọ̀pẹ 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. A kò fẹ́ dá ìjọba kankan lẹ́bi níhìn-ín; ìlú tó bá ní ẹnubodè lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ ọ. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé nígbà méjèèjì, olú ìlú méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára sì ni obìnrin tó ń gbé gàrí àti tòmátì gba Sèmé àti Ìdìrókò, àti ẹbí tó ní òkú láti sin lódìkejì ààlà.

8. Ìkádìí: ohun tó kan àwa olùkọ́

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, kókó mẹ́ta ni a fẹ́ kí ó dé kíláàsì. Èkíní, ìlú méjì tó lágbára lè fi àdéhùn kan so gbogbo agbègbè ró, láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọ̀yọ́ àti Dàhòmì kò fẹ́ràn ara wọn lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n fi pa ohun tí wọ́n sọ ní 1748 mọ́. Èkejì, àdéhùn tó dúró lórí agbára ẹnìkan yóò bá agbára náà lọ. Kò sí ẹni tó jókòó láti ronú pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí Ìṣàgà àti Kétu bí Ọ̀yọ́ kò bá sí mọ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ń gbóríyìn fún àlàáfíà, ó yẹ kí a béèrè ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Fún àwa tí a ń ṣe ìbéèrè ìdánwò, àbá wa kò pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa béèrè mọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìdí márùn-ún tí Dàhòmì fi kógun ja Abẹ́òkúta, kí a sì máa ka ìwà ìkà sí ìdí kìíní. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àjàṣẹ́ ní 1786 àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìṣàgà ní 1862, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa mọ ìtàn. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Ègùn ni, yóò lè kọ ìdáhùn rẹ̀ láì sẹ́ ìyá rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ Yorùbá. Ìdáhùn wa ni pé nínú ìwé kíkà Yorùbá, nínú oríkì ìlú àti nínú ìtàn àròsọ tí à ń yàn fún wọn ni àwọn ọmọ ti ń pàdé Dàhòmì. Àwa ni a wà níwájú wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Ohun tí a bá sọ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò gbé dé ẹnubodè nígbà tí wọ́n bá dàgbà, yálà wọ́n di oníṣòwò tó fẹ́ kọjá, tàbí aṣọ́bodè tí yóò sọ pé kí ó kọjá tàbí kí ó padà.